Ìlà Mẹ́ta fún Àwọn Àna Okpara

Ẹ̀gbọ́n mi Lassissi kì í ṣe aláròyé rárá. Bí ó bá ti sùn, ó lè dákẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìgbà tó bá jí ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe nígbà tí agbára wà lára rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Òun ni akéde ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Ṣábẹ̀ níbí. Òun ló máa ń pariwo pé ọkọ̀ ń bọ̀, ibi tó ti ń bọ̀, ibi tó ń lọ, àti pé kí ìyá tó fa ewúrẹ́ dání yẹn sún sẹ́yìn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọkọ̀ ojú irin ò ti gbé èrò mọ́. Ibùdó ti dá páropáro. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí sọ fún ẹnu ẹ̀gbọ́n mi pé iṣẹ́ ti parí. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, láti Cotonou ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ lóhùn, yóò sì dúró ní gbogbo ibùdó kó tó dé Parakou.

Èmi ni Zénabou, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Abọ́ àti ìkòkò ni mò ń tà. Ògiri kan péré ló la ilé èmi àti tirẹ̀ láàárín, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọ tí etí mi ò jẹ níbẹ̀. Nafissatou ìyàwó rẹ̀ ló jẹ́ kí n gbà pé sùúrù ṣì wà láyé. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tó mọ àṣà, kò pe orúkọ èmi ọmọ ọkọ rẹ̀ rí. Afínjú ló sọ mí láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, Afínjú náà ló ń pè mí títí di òní. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé afínjú ni mí, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi pé ẹlòmíràn rí i.

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni ìyá Nafissatou kú ní Okpara, ìlú wọn. A lọ síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tí wọ́n ṣe àdúà tán, wọ́n fún Nafissatou ní míkíró kó sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìyá rẹ̀. Ó dìde, ó ní, "Ìyá mi..." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kó tó nù ún, ẹ̀gbọ́n mi ti gba míkíró. Ó ní, "Jẹ́ n bá ọ sọ ọ́."

Yéè! Ó sì bá a sọ ọ́ lóòótọ́. Ó sọ ọ́ títí ìrẹsì fi tutù, tí àlùfáà fi ń wo aago, tí àwọn ọmọ kékeré fi sùn lọ lórí ẹní. Ó sọ bí òun ṣe fẹ́ ìyàwó. Ó sọ bí òun ṣe rán ọkọ̀ bàṣé, ọkọ̀ tí wọ́n fi tápólì bo ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn, láti Ṣábẹ̀ wá sí Okpara kó wá gbé odó tí ìyá náà fún ọmọ rẹ̀ nígbà ìgbéyàwó, kí ara má baà ni ìyá àgbà. Ó dárúkọ awakọ̀. Ó sọ irú táyà tí ọkọ̀ náà ní. Ó tún fi ìyá àna rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, ó ní obìnrin náà gbé ọrùn bí ayaba, pé bí o bá kí i láti ẹ̀gbẹ́, kò ní yíjú wò ọ́. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Nafissatou padà jókòó. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, gbogbo wa wọ ọkọ̀, òun ò wọ̀ ọ́. Ó ní ilé bàbá òun nìyí, ká máa lọ.

Nítorí míkíró! Inú bí mi. Èmi tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Lassissi láti ìgbà tí mo ti wà ní ìkókó, ilé ta ni mo kó ẹrù mi lọ? Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń se oúnjẹ fún un. Yóò jókòó tì mí nídìí ààrò, yóò máa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo bá dáná títí n ó fi fọ ìkòkò.

A kó àwọn àgbà jọ, a gbé obì, a lọ bẹ̀bẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, nǹkan fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i. Àwọn àgbà dọ̀bálẹ̀. Àbíbù, ẹ̀gbọ́n Nafissatou tó jẹ́ olórí ilé wọn, ní òun ti gbọ́. Nafissatou fúnra rẹ̀ ti ń wá bàtà. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá ní òun fẹ́ fi gbólóhùn kékeré kan kún un. Gbólóhùn kékeré náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ṣùgbọ́n". Nafissatou bọ́ bàtà. Nígbà kejì, ó bẹ̀bẹ̀ tán, ó wá ń ka gbogbo ohun tí òun ti fara dà nítorí ìyàwó òun, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí iyọ̀ ọbẹ̀. Nígbà kẹta, ó ń dárò ìyá àna rẹ̀, ó sì bá Àbíbù jiyàn lórí ọdún tí wọ́n bí ìyá náà. Ìyá tó bí Àbíbù lọ́mọ o! Ibẹ̀ ni Àbíbù ti dìde.

"Àna wa," ó ní, "bí o bá tún padà wá, gbólóhùn mẹ́ta ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ. Bó bá ti di mẹ́rin, má wulẹ̀ wá mọ́. Ẹrù àbúrò mi ni a ó wá kó."

Ẹ̀gbọ́n mi sunkún nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. N ò ní purọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó fẹ́ràn obìnrin náà, kò sì mọ bí ilé ṣe ń rí láìsí i. Gbogbo ọ̀nà ló fi ṣàlàyé rẹ̀ fún awakọ̀.

Ọlọ́run tí ń pèsè oògùn ló rán Régis sí ìsọ̀ mi. Régis jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní èdè Faransé. Ó lọ sí Cotonou nígbà ìsinmi, ó mú nǹkan kan bọ̀ níbẹ̀, bí àwọn mìíràn ṣe máa ń mú ikọ́ bọ̀. Ó ní háíkù ni wọ́n ń pè é. Ó ní ewì àwọn ará Japan ni, kò gùn, ìlà mẹ́ta ni, òun sì fẹ́ kọ́ àwọn ènìyàn díẹ̀ ní àdúgbò Plateau bí a ṣe ń kọ ọ́, tí a óò sì máa kà á fún ara wa.

Mo gbé kẹ́tùlù tó ń ná sílẹ̀. "Ìlà mélòó lo wí?"

"Mẹ́ta péré, Ìyá."

"Bí ẹni tó ń kọ ọ́ bá fẹ́ fi ìlà kẹrin kún un ńkọ́?"

"Kò ní jẹ́ háíkù mọ́ nìyẹn."

"Bá mi kọ orúkọ èèyàn méjì sílẹ̀," mo ní. "Èmi, àti aláìsàn kan."

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Plateau ni a ti ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé. Orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé ni a jókòó sí, orúnkún wa kan àgbọ̀n. Àwa mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́. Hélène wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣe irun lẹ́bàá ọ̀nà Parakou, ó ní òun fẹ́ràn ohun tó bá lẹ́wà. Fréjus náà wà níbẹ̀, ọmọkùnrin tó ń fi alùpùpù gbé èrò. Ó gbà pé wọn yóò fún wa ní ìwé ẹ̀rí níkẹyìn. Kò sẹ́ni tó ní ọkàn láti sọ fún un pé irọ́ ni.

Régis kọ òfin rẹ̀ sójú pátákó. Ìlà àkọ́kọ́, ìró márùn-ún. Èkejì, ìró méje. Ẹ̀kẹta, ìró márùn-ún. Kí a wo nǹkan kan, kí a kọ ohun tí ojú wa rí. Kí a má wàásù. Kí a má pa òwe. Bí a bá kà á tán, kí a dákẹ́, kí a má ṣàlàyé ohunkóhun. Àwọn tó gbọ́ náà yóò dákẹ́ díẹ̀.

Ẹ gbà mí o! Kí ọmọ Ṣábẹ̀ má kíni, kó má pa òwe, kó má ṣàdúà parí ọ̀rọ̀, kí ẹni tó gbọ́ má sì ṣe àmín. Kí ló wá kù? Ó tún ní àwọn ará Japan máa ń kọ nípa yìnyín tó bo gbogbo ilẹ̀. Yìnyín tí èmi mọ̀ ni èyí tó wà nínú fìríìjì Hélène, òun náà ò sì sí níbẹ̀ bí iná bá ti lọ.

Fréjus ló kọ́kọ́ ka tirẹ̀. Ó dìde, ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe:

Ẹ kú ọ̀sán o
ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o
ilé ńkọ́ o

Gbogbo wa dáhùn pé a dúpẹ́. Régis fi ọwọ́ bo ojú. "Fréjus, ìró rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n nǹkan tí o rí dà?"

"Ọ̀gá, ìlà ti tán kí n tó dé orí ọ̀rọ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí ọmọ náà ṣe? Kó kàn já wọ àárín àgbàlagbà, kó máa sọ̀rọ̀ ẹyẹ, láìkí ẹnikẹ́ni? Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Hélène ní òun lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ka tirẹ̀:

Irun funfun kan
mo rí i nínú dígí
ta ló ni ín o

Ẹ̀rín pa wá. Régis ní ó dára, ó dára gan-an. Hélène ní ti oníbàárà òun ni o, kì í ṣe ti òun. Régis ní kó má ṣàlàyé. Ojú mi ti dé abẹ́ gèlè rẹ̀, nítorí náà èmi ò nílò àlàyé. Nígbà tó kàn mí, mo ka èyí tí mo kọ nídìí ààrò:

Ìkòkò ọbẹ̀
ó ń hó, ó ń hó o
bí ẹnu ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀gbọ́n mi ní ewì náà dára, ṣùgbọ́n òun ò mọ ẹni tí mò ń bá wí. Ó dìde láti ka tirẹ̀. Mo ti múra àtitijú.

Ojú irin wa
koríko ti bò ó tán
ewúrẹ́ ń jẹ

Mo rí ibùdó náà kedere níwájú mi, bó ṣe rí nísinsìnyí, òkè òkúta lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn lórí irin. Lassissi wa yìí náà ni? Régis ti la ẹnu láti sọ pé ó ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi sì ní, "Ewúrẹ́ tí mo ń wí yẹn, ewúrẹ́ ìyá Chimène ni. Èyí dúdú." Ó sọ bí ewúrẹ́ náà ṣe dé ibẹ̀. Ó sọ ẹni tó ni ilẹ̀ tí wọ́n ti ń so ó mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dé orí ọkọ̀ ojú irin, ó sì gbé wa láti Cotonou, ó sọ̀ wá ní Bohicon, ó tún gbé wa. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́ wá ti ilẹ̀kùn, ó tún dúró gbọ́ díẹ̀, ó rẹ òun náà.

Bí ó ṣe ń ṣe ní gbogbo Sátidé nìyẹn. Ìlà mẹ́ta tó dùn bí oyin, lẹ́yìn náà ìkún omi. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n, ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbọ́n mi lè kún yàrá. Régis bẹ̀ ẹ́, ó rẹ̀ ẹ́. Mo sọ ti Àbíbù fún wọn, pé gbólóhùn kẹrin ni yóò tú ilé ọkùnrin yìí ká. Ìgbà yẹn ni gbogbo wọn tó mú ọ̀rọ̀ náà bí ẹni mú iṣẹ́. Fréjus ní kí a máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ tábìlì. A gbìyànjú rẹ̀. Ó dúró ṣàlàyé ìdí tí ẹsẹ̀ fi ń dun òun.

Hélène ló rí ọgbọ́n dá. "Bàbá," ó ní, "bí ẹ bá ti kà á tán, ẹ sọ orógbó sẹ́nu. Odidi. Kí ẹ máa rún un díẹ̀díẹ̀."

Ó ṣiṣẹ́! Ẹnu tó ń rún orógbó, ó korò jù láti sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á ka ìlà mẹ́ta, á sọ orógbó sẹ́nu, á fa ojú ro, á sì máa wò wá bí àgùntàn. Àwa náà á dákẹ́. Mo gbọ́ ìró afẹ́fẹ́ nínú iyàrá náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ní, "Àlùhàmdùlílàhì."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò ńlá, mo gbé ògì lọ fún un, mo bá a lórí àga níwájú ilé, kò sọ nǹkan kan. Mo kí i, ó mi orí. Ẹ̀rù bà mí, mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, kò gbóná. Àárín àgbàlá ló ń wò. Mo wò ó, mi ò rí nǹkan kan, àyàfi odó tí ẹnì kan gbàgbé síta. Ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti rí ti Okpara kọ. Mo ní kó kà á fún mi, ó ní ó di ọ̀dọ̀ àwọn àna. Inú mi ò dùn sí i. Ta ló ń fún un lóúnjẹ?

Ọjọ́ tí a óò lọ, èmi fúnra mi ni mo ra obì ẹ̀bẹ̀, mo tò ó sínú abọ́ funfun kan tí mi ò tíì lò rí. Èmi fúnra mi ni mo ki orógbó sí àpò aṣọ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, ó ní àwọn àna ti rí aṣọ yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sáré wọlé lọ pààrọ̀ rẹ̀. Orógbó dúró sílé nínú àpò aṣọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ní Okpara, wọ́n tẹ́ ẹní fún wa lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn àgbà tó tẹ̀ lé wa dọ̀bálẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi náà dọ̀bálẹ̀, èmi kúnlẹ̀. A gbé abọ́ obì síwájú Àbíbù. Ẹ mọ̀ bí obì ẹ̀bẹ̀ ṣe rí: ẹni tó gbé e wá kì í fọwọ́ kàn án. Àwọn tí a ń bẹ̀ ni yóò ṣàdúà sí i, bí wọ́n bá gbà. Àbíbù ò tíì wò ó. Nafissatou jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó yí ẹ̀gbẹ́ sí wa.

"Gbólóhùn mẹ́ta," ni Àbíbù wí.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde lórí orúnkún rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Kò pa òwe. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà:

"Odó ìyá rẹ
òjò ti kún inú rẹ̀
ẹyẹ ń mumi."

Nafissatou yíjú. Mo rí ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé a ti fẹ́ débẹ̀. Ni mo bá rí ètè ẹ̀gbọ́n mi tó ń mì. Gbólóhùn kẹrin ń bọ̀! Ó ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Òun náà mọ̀ ọ́n, ó ki ọwọ́ bọ àpò. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Àpò ẹ̀gbọ́n mi ò ní nǹkan kan nínú. Ó ki ọwọ́ bọ èkejì, òfo. Ojú rẹ̀ ràn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì na ọwọ́ sí abọ́ funfun, ó mú obì tó tóbi jù níbẹ̀, ó jù ú sẹ́nu, ó sì rún un wàmù.

Obì ẹ̀bẹ̀! Níwájú àna! Kí wọ́n tó ṣàdúà sí i! Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Ìyá àgbà kan nínú ilé wọn káwọ́ lérí: "Háà! Ó bẹ̀bẹ̀, ó sì gba ẹ̀bẹ̀ ara rẹ̀!" Àbíbù ti dìde dúró, iṣan ọrùn rẹ̀ le. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè ṣàlàyé, obì ti kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó kàn ń rún un, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ ṣàlàyé nípa orógbó, mo la ẹnu, n ò sì mọ ibi tí mo fẹ́ mú un: láti Japan ni, àbí láti ọ̀dọ̀ Hélène?

Ẹ̀rín ni mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Nafissatou ń rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó dìde, ó wá sí iwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Rafiou, ṣé ó tán?"

Ẹ̀gbọ́n mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ ò ní fi nǹkan kan kún un?"

Ó mi orí pé rárá. Ó ń rún un lọ.

Nafissatou wò mí. "Afínjú," ó ní, "ta ló fi odó ìyá mi sílẹ̀ nínú òjò?" Gbogbo ilé yíjú wò mí. Mo ń wo igi máńgòrò, ó so dáadáa lọ́dún yìí.

Ó jókòó sórí ẹní, láàárín wa. Àbíbù fẹ́ sọ̀rọ̀, Nafissatou ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́." Ó nu ojú rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dúró nígbà ọyẹ́, pé, "Ìyá mi..."

Ó ní ọkọ̀ bàṣé ò dé Okpara lọ́jọ́ náà. Òjò ti gé ọ̀nà, awakọ̀ yí padà lójú ọ̀nà, ó sì gba ọpẹ́ ọkọ òun bí ẹni tó jíṣẹ́. Ìyá òun dúró dè é títí. Ó ní kò ṣeé gbọ́ pé ọmọ òun ń gúnyán nínú odó ẹlòmíràn nílé ọkọ. Ó gbé odó náà rù, ó fi ẹsẹ̀ rìn ín láti Okpara dé Ṣábẹ̀. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó mu omi, kò wọlé. Ó ní, "Má sọ fún ọkọ rẹ. Ó rán ọkọ̀, ohun rere ló ní lọ́kàn. Má jẹ́ kí ojú tì í." Ó sì padà.

"Láti ọjọ́ náà," Nafissatou ní, "ọrùn rẹ̀ ò yí mọ́. Bí ẹ bá kí i láti ẹ̀gbẹ́, kò lè yíjú wò yín. Kì í ṣe pé ó gbéra ga. Kò lè yíjú ni. Mo pa á mọ́ títí ó fi kú. Ọjọ́ àdúà ni mo fẹ́ sọ ọ́, nítorí mo rò pé ojú kì í ti ẹnikẹ́ni nítorí òkú mọ́. Ẹ sì gba míkíró lọ́wọ́ mi, ẹ ní ẹ rán ọkọ̀. Ẹ fi ọrùn rẹ̀ ṣe ẹ̀rín fún gbogbo ayé."

Ó ṣì sọ̀rọ̀ pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Gbogbo ohun tó ti ń gbé mì láti ìgbà tó ti wọlé wa, ó sọ ọ́. Àwọn kan nínú rẹ̀ kàn mí, ìyẹn ò sì kan ẹ̀yin. Wọ́n pe ìrun, ó kírun, ó padà wá, ó ń bá a lọ. Èmi tí mo rò pé nítorí míkíró lásán ni obìnrin náà fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, mo jókòó síbẹ̀, mi ò rí nǹkan kan fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tó sọ ọ́ tán, obì ti tán lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí ohun tó dí i lọ́nà mọ́. Gbogbo wa ń wò ó, Àbíbù pàápàá ń wò ó.

"N kò mọ̀," ó ní.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ojú kan ẹní, kò dìde títí Àbíbù fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó mú obì tó kù nínú abọ́, tó sì ṣàdúà sí i.

A dé Ṣábẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nafissatou ṣì ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ nínú tasí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti dé ìdí odó. Ó da omi inú rẹ̀ nù. Mo rò pé ó fẹ́ dojú rẹ̀ dé ni, mo ní ó kúkú yẹ. Ó ká fìlà rẹ̀ ṣe òṣùká, ó lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé odó náà rù. Àgbàlagbà! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì. Ó gbé e gba àárín àgbàlá kọjá, ó ń lọ sí abẹ́ òrùlé ilé ìdáná.

"Bàbá Rafiou!" Nafissatou ju ẹrù sílẹ̀. "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín ni?"

Ó dúró. Kò lè yí ọrùn wò ó.

"Ó wúwo," ó ní.

"Láti Okpara ló ti gbé e wá," Nafissatou dá a lóhùn.

Ó di apá kan mú, mo di apá kejì mú, a sì bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀.